Kòkòrò Tí Mo Dárúkọ fún Ààfáà Zikrullah

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Ààfáà Zikrullah, ẹ pè é ní Síkírù. Lẹ́yìn ọjà Ìkọ̀tún níbi tí à ń gbé, Síkírù náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é, torí ó ti mọ́ ẹnu Yorùbá lára. Bó bá ń ránṣọ lọ́wọ́, á dá ẹ̀rọ dúró, á wo ẹni náà láti orí dé ẹsẹ̀, á ní, "Síkírù kọ́ ni mò ń jẹ́. Yọ ahọ́n." Àgbàlagbà tó wá gba jàlábíyà rẹ̀ jẹ́jẹ́ á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á máa yọ ahọ́n síta bí ọmọdé tó ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, títí yóò fi pe orúkọ náà bó ṣe yẹ. Mo ti rí ọlọ́pàá kan tó ṣe é, ti òun ti ìbọn lọ́rùn.

Kì í ṣe ìgbéraga lásán. Ní èdè Lárúbáwá, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ kì í ṣe s, kì í sì í ṣe z. Orí ahọ́n gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀, kó kan etí eyín òkè méjèèjì tó wà níwájú, kí atẹ́gùn sì gba àárín wọn kọjá. Lẹ́tà mẹ́ta ló rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan wà nínú Usmáánù, ọ̀kan wà nínú orúkọ Ààfáà, ẹ̀kẹta tó nípọn jù wà nínú "Àsíímù" tí gbogbo wa ń wí ní rúkúù. Àwa Yorùbá ti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di s, a sì gbà pé Ọlọ́run gbọ́ wa. Ààfáà ò gbà. Ó ní ẹni tó bá yí lẹ́tà padà ti yí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run padà, kò sì sí "ẹ jọ̀ọ́ jàre" tó lè mú un rọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́fà lèmi Hamdalah nígbà tí màmá mi fà mí lé e lọ́wọ́. Ilé kéwú rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, abẹ́ páànù, ẹní mẹ́rin àti pátákó kan. Ó gbé jígí kékeré kan kọ́ sára ògiri, irú èyí tí àwọn onídìrí ń gbé fún oníbàárà. Jígí yẹn ni pàṣán rẹ̀, torí kì í na ọmọ. Tó o bá ṣi lẹ́tà pè, á mú ọ lọ síwájú jígí, á ní kó o wo ẹnu ara rẹ.

"Kí lo rí?"

"Eyín, Ààfáà."

"Ahọ́n ńkọ́?"

"Kò yọ, Ààfáà."

"Yọ ọ́."

Ẹ lè wà lẹ́nu ẹ̀ títí ìrun á fi tó. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń kéwú níbòmíì ń jẹ ẹgba, èmi ń wo ẹnu mi nínú jígí, mo sì ń sunkún jù wọ́n lọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, òun àti sísọ́ọ̀sì ìránṣọ kan. Kò dé Mẹ́kà rí. Kò ní ìwé ẹ̀rí kankan tó lè gbé kọ́ ògiri. Ẹnu rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Àwọn tó kàwé ní Mẹ̀dínà ń wá láti Ìbàdàn wá jókòó lórí ẹní rẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ bí ó ṣe ń ka Àlùkùránì, tí ààwẹ̀ bá sì dé, àwọn tó ń wá kírun àsámù lálẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ á páàkì mọ́tò dé kọ́nà kejì. Ohun kan ṣoṣo tó ní láyé nìyẹn, ó sì mọ̀ pé orí eyín méjì ló dúró lé.

Nítorí náà, ó ń tọ́jú eyín yẹn. Orín ló ń rin kó tó kírun, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Télọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò fi eyín já òwú rí. Kò fi ṣí ìgò, kò fi fọ́ egungun. Ó ní eyín iwájú òun kì í ṣe ti òun nìkan, ti Àlùkùránì ni.

Kí n má gbè sẹ́yìn rẹ̀ jù ṣá. Ààfáà le, ó sì lè burú. Bàbá Abdulganiyy ni lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí wa tẹ́lẹ̀, arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí kò sí eyín kankan mọ́ níwájú ẹnu rẹ̀. Lẹ́tà tí mo ń wí yìí wà nínú Fátíà fúnra rẹ̀, ibi tí a ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi ọ̀nà àwọn tó kẹ́ mọ̀ wá. Bàbá á ní "lasíínà". Bó bá ti dé ibẹ̀ báyìí, a ó gbọ́ ikọ́ Ààfáà Zikrullah láti sọ́ọ̀fù àkọ́kọ́. Ikọ́ lásán kọ́, gbogbo mọ́ṣáláṣí mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó dìde lẹ́yìn ìrun lọ́jọ́ kan, ó ní ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò lè pe Fátíà kò gbọdọ̀ síwájú ẹni tí ẹnu rẹ̀ lè pè é. Bàbá wò ó, wò ó.

"Síkírù," Bàbá ní, "àbí o ò rí i pé mi ò léyín ni?"

"Mo rí i, Bàbá. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn."

Bàbá ká ẹní ìrun rẹ̀, ó fún un. Láti ọjọ́ yẹn, Ààfáà Zikrullah ló ń síwájú. Màmá mi ní kò nítìjú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà, mo sì rò pé òtítọ́ ló sọ.

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi, ilé ìwòsàn eyín kékeré kan ní Ìgandó ló gbà mí síṣẹ́. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń na irinṣẹ́ sí Dókítà Kọ́lápọ̀. Èmi náà ni ẹnu rẹ̀, torí òyìnbó ló máa ń sọ tó bá ń ṣàlàyé àìsàn, á wá kọjú sí mi, á ní, "Hamdalah, bá mi sọ fún màmá." Èmi á sì sọ ọ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá dárúkọ bakitéríà, kòkòrò lèmi máa ń pè é, torí òun ni ọ̀rọ̀ tá a ní. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì rí.

Ní ààwẹ̀ ọdún tó ṣáájú èṣí, Ààfáà ń ṣínu pẹ̀lú dàbínù. Ẹni tó ta á ní òun ti yọ kóró inú rẹ̀. Ó fi eyín iwájú gé e sí méjì, kóró kan sì wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Fàthíà, ní òun gbọ́ ìró rẹ̀ láti ìdí sítóòfù. Etí eyín ọ̀tún fọ́ díẹ̀, kò tó ìdajì ìrẹsì, ìlà tín-ín-rín kan sì gba ibẹ̀ gòkè. Ó dìde láìjẹun, ó lọ síwájú jígí àwọn ọmọ kéwú, ó pe lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta-mẹ́ta. Wọ́n pé. Ó ní àlàmúdùlílàhí, ó padà wá jẹun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi tútù ń dùn ún. Nígbà tó yá, omi gbígbóná náà ń dùn ún, títí tí atẹ́gùn lásán fi di ohun tó ń mú un di ẹnu mú. Ẹni tí kì í pa ìrun jẹ, ìkúnlẹ̀ gan-an di ìṣòro fún un, torí bó bá ti tẹríba, eyín náà á máa lù kìkì bí ọkàn. Ó ra kápúsù ní kẹ́mísì, ó fúyẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó tún padà. Ó wá ránṣẹ́ sí mi.

Mo gbé tọ́ọ̀ṣì àti jígí iṣẹ́ wa lọ, jígí róbótó kékeré tó ní ọwọ́ gígùn. Nígbà tó rí i, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìrora rẹ̀.

"Ìwọ Hamdalah lo wá fi jígí wo ẹnu mi lónìí."

"Ẹ yọ ahọ́n, Ààfáà," mo ní. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn bí ẹni fẹ́ràn bàbá tó bí i.

Ìlà ara eyín náà ti dúdú. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo wá la ẹnu mi, mo sọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn ní Ìgandó.

"Ààfáà, kòkòrò ti wọnú eyín yín. Ẹ jẹ́ ká lọ bá dókítà, kó ṣí eyín yẹn látẹ̀yìn, kó fọ inú gbòǹgbò rẹ̀ kí kòkòrò yẹn jáde, kó sì dí i."

"Kòkòrò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nínú eyín?"

"Nínú gbòǹgbò rẹ̀ gan-an, sà."

Ó mi orí. Ó béèrè bóyá wọ́n máa lu eyín náà. Mo ní ihò kékeré ni. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀ nígbà tó gbọ́ ihò, ṣùgbọ́n ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ṣàdúrà fún mi, ó ní òun ti gbọ́. Mo lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú. Mi ò mọ̀ pé kòkòrò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti ń sọ látàárọ̀. Tèmi, ẹgbẹ̀rún lè jókòó sórí abẹ́rẹ́ kan kí ojú má rí i. Tirẹ̀ funfun, ó lórí, ó nírù, ó sì ń jà.

Ọkùnrin kan wà ní bọ́sítọ́ọ̀pù Pleasure, Babárìndé lórúkọ rẹ̀, tó ń yọ kòkòrò eyín lábẹ́ agbòòrùn. Kì í fọwọ́ kan eyín rárá, èyí ló sì wọ Ààfáà lójú, torí ẹ̀rù ihò tí mo sọ ń bà á. Babárìndé á da èso kan sórí ẹyin iná, á fi àrọ bò ó, á ní kó o la ẹnu sí èéfín tó ń jáde. Lẹ́yìn náà á ní kó o bu omi fọ ẹnu sínú abọ́ tánńganran funfun. Ẹ ó sì rí kòkòrò nínú abọ́. Ti Ààfáà jẹ́ mẹ́ta. Babárìndé kó wọn sínú ìgò lọ́fíńdà kékeré kan, ó fún un mú lọ sílé.

Inú rẹ̀ dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìgò náà wá bá mi ní Ìgandó.

"Hamdalah, òun nìyí. Kòkòrò tó o rí. Ọlọ́run á bù kún ojú rẹ."

"Ààfáà, ta ló yọ eléyìí?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Ìrora ti lọ! Láti ijẹta. Mo mu omi tútù láàárọ̀ yìí, omi fíríìjì o."

Mo gba ìgò náà wọlé lọ bá Dókítà Kọ́lápọ̀. Ó fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe ẹran rárá, ohun funfun tó wà nínú èso ni, ooru iná ló jẹ́ kó bẹ́ jáde. Mo ní, "Sà, ó ní ìrora ti lọ." Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu dókítà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí n ti sọ ọ́ fún Ààfáà lọ́jọ́ kìíní. Eyín kì í ṣe òkúta. Ẹran rírọ̀ kan wà nínú rẹ̀, òun àti ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń gbé ìrora, ó sì gba ihò tóóró inú gbòǹgbò lọ títí ó fi kan egungun. Nígbà tí eyín bá sán, bó ti wù kí ojú ibẹ̀ kéré tó, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí, tó ti wà lẹ́nu gbogbo wa tẹ́lẹ̀, á wọlé. Ẹran yẹn á bá wọn jà. Á pọ́n, á gbóná, á fẹ́ wú, ṣùgbọ́n ibo ló fẹ́ wú sí? Eyín líle ló yí i ká. Bó ṣe ń wú náà ló ń fún ara rẹ̀ lọ́rùn, ìyẹn sì ni ìrora tí kì í jẹ́ kéèyàn jókòó. Nígbà tó bá yá, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè wọlé mọ́, ẹran náà á kú, iṣan á kú mọ́ ọn. Ọjọ́ tó kú ni ìrora máa lọ, tí aláìsàn á ní ara òun ti yá. Àwọn kòkòrò náà ò sì lọ síbì kankan. Ẹran tó kú ni wọ́n ń jẹ, ẹ̀jẹ̀ ò sì lè gbé oògùn dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Wọ́n á máa pọ̀ sí i, májèlé wọn á máa jò láti ìdí gbòǹgbò sínú egungun, ara á tún bẹ̀rẹ̀ ìjà míì níbẹ̀, egungun á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ láìsí ariwo kankan.

Mo padà lọ bá Ààfáà, mo ní irúgbìn ló wà nínú ìgò yẹn. Àwọn ọmọ kéwú wà níjókòó.

"Tí kì í bá ṣe kòkòrò," ó ní, "ta ló mú ìrora lọ?"

"Eyín yẹn ti kú ni, Ààfáà. Ó ti kú nínú, ìyẹn ni kò ṣe dùn yín mọ́."

Ó fi èékánná kan eyín náà, kó, kó. Ó wá ka Fátíà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, jẹ́jẹ́, lójú mi. Nígbà tó dé orí lẹ́tà yẹn, ó yọ ahọ́n, ohùn rẹ̀ sì dún bí ó ṣe máa ń dún láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Ṣé òkú ló pe eléyìí?"

Ó ní tí Ọlọ́run bá ti gba ọwọ́ ẹlòmíì woni sàn, inú àwa ará ọsibítù kì í dùn, a máa ń fẹ́ kó jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni. Àwọn ọmọ kéwú ń wò mí. Ojú tì mí, inú sì bí mi, mo ní kó máa ṣe é lọ, mo bá jáde. Bí ọdún kan gbáko ni mi ò fi yọjú síbẹ̀. Ó ṣe sàráà, ó pín mọ́sà fún gbogbo ará mọ́ṣáláṣí, ó sì dárúkọ Babárìndé lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Mo mọ èèyàn mẹ́rin tó gbé eyín wọn lọ sí Pleasure nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà.

Ààwẹ̀ èṣí dé, ó sì ka Àlùkùránì débi pé àwọn èèyàn ń sunkún. Wọ́n ń fi fóònù ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Èmi náà gbọ́ ọ nínú fóònù ẹlòmíì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ìwé tí mo kà ló parọ́.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ni mo pàdé Fàthíà ìyàwó rẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ní oówo kékeré kan ń yọ lókè eyín yẹn, lára èrìgì rẹ̀. Á yọ, á bẹ́, ohun kíkorò tó ń rùn á jáde, á sì wábi gbà. Kò dùn ún rárá. Omi iyọ̀ ló fi ń yọ́ ẹnu.

"Ó ní ìdọ̀tí tó kù ló ń jáde," Fàthíà ní. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Rárá o, Àǹtí. Ọyún ni. Ó ti lu egungun já ni ó ṣe ráyè jáde."

"Yéè! Ìwọ ni kó o wá sọ fún un, Hamdalah. Tó bá ti ń ránṣọ, ojú ọ̀nà ló ń wò. Ó ń retí rẹ, kò kàn lè ránṣẹ́ ni."

Mo ní màá wá ní Sátidé. Sátidé dé, aláìsàn pọ̀. Sátidé kejì, òjò rọ̀, àwọn ojú ọ̀nà Ìgandó kún fómi, mo sì yọ̀ pé òjò rọ̀. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí: mo ṣì ń bínú. Mo fẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kó wá gbà lẹ́nu ara rẹ̀ pé èmi ni mo tọ̀nà. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi náà nìyẹn, ẹni tó bá tọ̀nà kì í rọ̀.

Oówo yẹn dí ní ọjọ́ kan, ọyún ò ríbi gbà mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n ṣe wòlímọ̀ àwọn ọmọ kéwú tó parí Àlùkùránì. Fàthíà fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá bá wa láàárọ̀ kùtù, mi ò sì kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ètè òkè rẹ̀ ti wú kan imú. Ojú ọ̀tún ti pa dé. Ara rẹ̀ gbóná bí àdògán. Dókítà Kọ́lápọ̀ la ibẹ̀, èmi ni mo gbé abọ́ sí i lẹ́nu, ohun tó dà sínú abọ́ yẹn kò ṣeé sọ fún ẹni tó ń jẹun. A dá a dúró fún abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí wíwú náà lọ sílẹ̀, a ya fọ́tò inú eyín. Ibi dúdú kan wà lókè gbòǹgbò, ó tóbi tó dàbínù. Egungun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti yọ́ tán, kì í ṣe ti eyín tó sán nìkan, ti èkejì rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń mì. Dókítà fi ìka tì wọ́n, ó wò mí, ó sọ ọ́ ní òyìnbó pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jáde, ó ní kí n bá òun sọ fún Ààfáà.

Mi ò tíì sọ ọ́ tí Ààfáà fi mú ọwọ́ mi. Ó la àtẹ́lẹwọ́ mi, ó fi ìka kọ nǹkan síbẹ̀. Lẹ́tà ni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, bí ó ṣe kọ ọ́ sí wàláà mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ó wá ń wo ojú mi. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá lẹ́tà yẹn á kù fún òun. Èmi tí mo máa ń rí ọ̀rọ̀ fún gbogbo aláìsàn, mi ò rí ọ̀kan ṣoṣo. Mo mi orí pé rárá. Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó la ẹnu fún dókítà.

Wòlímọ̀ kọjá, òun ò lọ. Nígbà tí ojú ibẹ̀ jinná, a ṣe eyín àtọwọ́dá mẹ́ta fún un, ó dáa lójú, tẹ́ ẹ bá rí i ẹ ò ní mọ̀. Ó fi wọ́n sẹ́nu, ó jókòó síwájú jígí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Fàthíà ní tó bá ti pe lẹ́tà yẹn, á súfèé. Ẹlòmíì ò ní gbọ́ ọ, àwọn ọmọ kéwú ò gbọ́ ọ. Etí tirẹ̀ ló gbọ́, etí tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ láti má gbójú fo nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó yọ wọ́n, ó fi wọ́n sínú agolo abẹ́rẹ́ ìránṣọ rẹ̀, ó dé e.

Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Ìgandó. Tí dókítà bá ti sọ òyìnbó rẹ̀ tán, mo ṣì máa ń pè é ní kòkòrò, torí kò sí ọ̀rọ̀ míì, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí aláìsàn jáde kó tó bá mi wí i lẹ́ẹ̀mejì pé ojú ò lè rí i, pé tí ìrora bá lọ fúnra rẹ̀, kó sáré wá. Àwọn kan máa ń rò pé orí mi ò pé. Babárìndé ṣì wà ní Pleasure pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Mo ti lọ bú u lẹ́ẹ̀kan. Ó bi mí pé ṣé mo ní eyín tó ń dùn mí ni.

Oṣù tó kọjá, mo lọ kírun Mọ̀gàríbì ní mọ́ṣáláṣí wa. Bàbá Abdulganiyy ti padà sí iwájú láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti ṣẹlẹ̀. Bí Ààfáà ṣe wọlé, àwọn èèyàn yà fún un lọ́nà, Bàbá fúnra rẹ̀ fà á lápá jàlábíyà pé kó bọ́ síwájú. Ó gbọn orí. Ó lọ dúró ní sọ́ọ̀fù kejì. Láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì tiwa obìnrin, mo gbọ́ tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ Fátíà pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tí kò léyín. Ó dé orí "lasíínà". Mo dúró de ikọ́ náà, mo rò pé gbogbo mọ́ṣáláṣí ló dúró dè é. A ò gbọ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìrun, mo lọ kí i ní ilé kéwú. Ìṣó ló kù lára ògiri, jígí ti kúrò níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde, ó béèrè àlàáfíà màmá mi, ó bi mí nípa iṣẹ́. Kò dá mi lẹ́bi rí lórí kòkòrò tí mo dárúkọ fún un, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ìyálọ́mọ kan fa ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò láti Egan ni.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Wọ́n júwe ilé kéwú kan fún wa. Ẹ̀yin ni Ààfáà Síkírù, àbí?"

Mo yíjú sí ìyálọ́mọ náà. Mo ti fi ahọ́n sáàárín eyín mi kí n tó mọ̀, mo fẹ́ bá a pe orúkọ náà bó ṣe yẹ. Ààfáà rí ẹnu mi. Ó wo ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu tirẹ̀.

"Èmi ni Síkírù," ó ní. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó."